Káàdì Tí Mo Fún Rodiat

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹran tolótòló ló fa gbogbo rẹ̀, ẹran inú yìnyín tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọ Kútọnu. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú rárá, ẹ má gbọ́ ti àwọn tó ń pariwo lórí rédíò.

Sìdíkàt ni mí, òkìrìkà ni mò ń tà ní ọjà Missèbo. Àbúrò mi Rodiat ló ń dín apá tolótòló létí òkun ní Fidjrossè, ní òpin ọ̀sẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń wá gba atẹ́gùn. Ìyá kan náà ló bí wa. Ìsẹ́yìn ló ti bí mi, kó tó bá bàbá wa kọjá bodè. Kútọnu níbí ló bí Rodiat sí. Ìdí nìyẹn tí káàdì tèmi fi jẹ́ ti Nàìjíríà, tí tirẹ̀ sì jẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀. Ojú wa jọra débi pé àwọn oníbàárà mi máa ń dá a dúró lọ́nà, wọ́n á ní ṣé ó ti tú béèlì tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìwà mi fún yín: èmi kì í gba èèyàn gbọ́. Ẹni tó bá kí mi ní àkíjù láàárọ̀, mo ti ń bi ara mi pé kí ló ń wá. Ọkọ mi tó ti di olóògbé máa ń sọ pé bí áńgẹ́lì bá sọ̀ kalẹ̀ níwájú mi, mo máa ní kó fi ìyẹ́ rẹ̀ hàn mí kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò bá a jiyàn. Ìfura loògùn àgbà. Ẹni tó ń ṣòwò nílẹ̀ onílẹ̀ tí kò fura, ẹlòmíì ni yóò bá a ta ọjà rẹ̀.

Ṣáájú Iléyá ọdún yìí ni ẹran kan wọlé. Bí Rodiat ṣe kó o jáde kí yìnyín ara rẹ̀ yọ́, òórùn gba gbogbo àgbàlá, ó ń rùn bí omi tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó gbé e padà lọ bá ọ̀gá tó ni ilé yìnyín. Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni ẹran òkè òkun ṣe ń rùn, kó lọ fi ata àti àlùbọ́sà sí i. Rodiat fọ̀ ọ́ títí, ó fi ata sí i, ó dín in, nítorí gbogbo ohun tó fi ń ṣòwò ló wà nínú ẹran yẹn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó jẹ ẹ́ ń bì, wọ́n ń ṣu. Ọmọ ìyàwó apẹja kan dèrò ilé ìwòsàn, omi ni wọ́n ń fà sí i lára. Ni àwọn ará etíkun bá wá da iyanrìn sínú agbada Rodiat, wọ́n ní ó ń fún èèyàn ní májèlé jẹ. Rodiat! Ọmọ tí kò lè pa eṣinṣin.

Nígbà tí àwọn obìnrin tó ń ra ẹran níbẹ̀ fi máa kó ẹnu jọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni láti Akpakpa dé Godomey: òórùn yẹn, èébì yẹn, ìbúni yẹn. Wọ́n ní àwọn máa gbé ìkòkò ẹran náà lọ síwájú ọ́fíìsì àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò, kí ọ̀gá ibẹ̀ wá gbóòórùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo sọ fún Rodiat kó má lọ. Mo ní àlejò kì í pariwo nínú ilé onílé. Ó wò mí bí ẹni pé mo tutọ́ sí i lára. Ó ní àlejò wo, ṣé kì í ṣe Kútọnu ni wọ́n sin ìwọ́ òun sí? Ó ní ẹ̀yin lẹ wá, òun ò ti ibì kankan wá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n mo pa á mọ́ra.

Nínú àgbàlá tí à ń gbé, Bọ̀dá Benjamin ló ni yàrá iwájú. Nàgó ni, ará Pobè, ọmọ Kátólíìkì, akọ̀wé ní kóòtù. Ó gbọ́ Fọ̀n, ó gbọ́ Gùn, ó ń sọ Faransé bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Yorùbá tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa díẹ̀, ó máa ń fà á nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kì í yé e nínú tiwa. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìwọ́de, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi àwọn obìnrin pé ta ló ń lọ, ọ̀nà wo ni wọ́n máa gbà, ṣé wọ́n ti gba àṣẹ. Ọláníkẹ́, tó ń ta ẹran bíi ti Rodiat, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ń dá a lóhùn láìfi nǹkan kan pamọ́. Èmi dúró nídìí ẹ̀rọ omi, mò ń fetí kó o. Kí ni akọ̀wé kóòtù fẹ́ fi ọ̀nà tí àwọn obìnrin máa gbà ṣe?

Èmi ò lọ o, ẹnu Rodiat ni mo ti gbọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó ní orin ni àwọn ń kọ, ìkòkò wà lórí àwọn, àwọn ò tíì dé ẹnu géètì tí àwọn ọlọ́pàá fi ju tajútajú sáàárín àwọn. Ìkòkò fọ́, ẹran rírùn dà sójú títì, àwọn ọlọ́pàá ń fi kóńdó lé àwọn obìnrin gba orí ẹran náà, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń ṣubú. Wọ́n fa ìró ìyá àgbà kan títí ìró náà fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Rodiat gbé fóònù sókè, ó ń ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ni kóńdó bá bà á lápá. Nígbà tó fi máa délé, apá yẹn ti wú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù. Mo ń fi omi gbígbóná jó apá náà fún un, mò ń bú u, mò ń sunkún.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí mo fi mú un lọ sí ìsọ̀ mi, mo fi í pamọ́ sáàárín àwọn béèlì òkìrìkà. Bí mo ṣe padà sílé láti múra ọjà ni àwọn ọlọ́pàá wọlé dé. Wọn ò yà sílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọn ò yà sí ti iwájú. Ilé tiwa gan-an ni wọ́n wọ̀. Àwòrán Rodiat àti ti Ọláníkẹ́ wà nínú fóònù wọn. Ọláníkẹ́ ti jáde. Ṣé ẹ mọ ohun tí ojú mi rí? Bọ̀dá Benjamin gbé àga tirẹ̀ jáde fún ọ̀gá wọn, ó ń bá a sọ Fọ̀n, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín o! Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ní ó tán, mo ti rí ẹni tó mú wọn wá.

Nígbà tí wọ́n lọ, ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kí Rodiat má sá. Ó ní kí Rodiat àti Ọláníkẹ́ mú káàdì Bẹ̀nẹ̀ wọn dání, kí wọ́n bá òun lọ sí kọmisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, tó sì jẹ́ ọmọ ìlú, wọ́n á bá a wí, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Àwọn tó bá sá ni wọ́n á dì mú. Mo ní ẹ ṣeun, ẹ kú àánú wa. Mo ní ṣùgbọ́n Rodiat ti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Porto-Novo. Irọ́ ni mo pa, mo sì pa á dáadáa. Ọkàn mi ń sọ pé ọkùnrin yìí fẹ́ kí ewúrẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá alápatà.

Àwa tí a ti ìhà Nàìjíríà wá, bí ìlú bá gbóná, a mọ ohun tí à ń ṣe: a ó kọjá bodè, bó bá tutù a ó padà wá bá ọjà wa. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá wa ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa ṣe. Ní ti káàdì, káàdì ẹ̀gbọ́n ni káàdì àbúrò láàárín wa. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti jọ ọ́, kó mú un lọ. Orúkọ Rodiat ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, orúkọ tèmi ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fún un ní káàdì mi, tí mo sì gba tirẹ̀ pamọ́ sílé. Mo wé gèlè fún un bí mo ṣe ń wé tèmi. Mo ní kó má sọ Fọ̀n, kó má sọ Faransé, kó máa dáhùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìsẹ́yìn dé.

Ó di káàdì náà mú, kò fi í sínú àpò.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò jalè. Ẹran wọn ló ń rùn. Kí ló dé tó jẹ́ èmi ni mo máa sá?"

Mo ní ẹni tó bá dúró bi ọlọ́pàá léèrè ohun tó ṣe, inú àtìmọ́lé ni wọ́n á ti dá a lóhùn. Ó ní Bọ̀dá Benjamin ńkọ́, ṣé kò lè bá àwọn sọ̀rọ̀, ṣebí ó mọ ilé ẹjọ́. Mo ní Benjamin yẹn gan-an ló tà yín. Mo sọ ọ́ láìgbọn ètè, mo tún sọ fún un pé bó bá rí i níbikíbi, kó yà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Benjamin ṣe ń mú Ọláníkẹ́ lọ sí kọmisáríà ni èmi ń ti Rodiat wọ takisí tó ń lọ Sèmè. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo ní ọgbọ́n tèmi ju ti akọ̀wé lọ.

Ọ̀sán pọ́n, Rodiat tó yẹ kó pè mí láti Badagry ò tíì pè. Ẹni tí mo rí ni Ọláníkẹ́, ó ń bọ̀ láàárín ọjà, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Ó ní wọ́n jágbe mọ́ òun, wọ́n yẹ káàdì òun wò, wọ́n ní òun ò gbọ́dọ̀ tún dé iwájú ọ́fíìsì yẹn mọ́, wọ́n ní kí òun máa lọ. Ó ní Benjamin ló sọ̀rọ̀ fún òun látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó wá ní Rodiat ńkọ́, pé wọ́n béèrè rẹ̀, wọ́n ní kó wá bíi tòun. Mo ní kó jókòó, mi ò sì mọ ìdí tí mo fi ní kó jókòó.

Mùtíátù tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń gbọ́ rédíò ní Fọ̀n lọ́wọ́. Lójijì ó yíjú sí mi, ó ní wọ́n pe orúkọ mi. Mo ní orúkọ ta? Ó ní Sìdíkàt, orúkọ bàbá rẹ sì tẹ̀ lé e. Ó ń gbọ́ ọ, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi: wọ́n mú obìnrin ará Nàìjíríà kan ní Sèmè, ó fẹ́ sá kọjá bodè, ojú rẹ̀ wà nínú fídíò ìwọ́de, àwọn àjèjì ló rán an wá da ìlú rú. Mo dúró láàárín ìsọ̀ mi, ṣẹ́ẹ̀tì òkìrìkà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní wọ́n ti mú mi.

Kò tíì tán. Ọ̀gá ilé yìnyín náà sọ̀rọ̀ lórí rédíò kan náà. Ó ní ṣé ẹ ti rí i báyìí, ẹran òun ò ní àléébù kankan, àwọn ará Nàìjíríà tó fẹ́ ba òwò òun jẹ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Àwọn Fọ̀n tó ń tà ní ìlà wa, tí a jọ ń jẹun, ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn èèyàn ti tún ń ra tolótòló. Gbogbo ohun tí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn torí rẹ̀ jẹ kóńdó, káàdì mi ti fọ̀ ọ́ dànù.

Mo lọ bá Benjamin. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, Porto-Novo, takisí, káàdì. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ mú mi fura. Ó ní kò sí ẹni tó tà wá. Ó ní Rodiat fúnra rẹ̀ ló fi fídíò ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ó sọ orúkọ ara rẹ̀ nínú ẹ̀, ó sọ àdúgbò àti àgbàlá wa, kí àwọn ará etíkun lè mọ̀ pé òun ò fún ẹnikẹ́ni ní májèlé. Gbogbo Kútọnu ti wò ó. Ní ti ẹ̀rín, ó ní òun bá ọ̀gá ọlọ́pàá ṣàwàdà kí wọ́n má baà tú yàrá wa. Ọ̀rọ̀ náà gún régé. Ọ̀rọ̀ tó bá ti gún régé jù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ó ní ohun kan ló kù. Wọ́n á gbé Rodiat lọ síwájú adájọ́ gẹ́gẹ́ bí àjèjì tó ń da ìlú rú, àfi bí ẹni tó ni káàdì bá wá fi ojú ara rẹ̀ hàn, tó ní òun ló fún un, kí òun Benjamin sì fi káàdì Bẹ̀nẹ̀ Rodiat hàn wọ́n. Mo ní èmi wá ńkọ́? Ó ní òun ò ní tàn mí: wọ́n lè tì mí mọ́lé fúngbà díẹ̀, wọ́n lè dá mi padà kọjá bodè. Mo bi í pé kí ni òun máa rí nínú ẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní inú àgbàlá kan náà là ń gbé. Èsì wo nìyẹn? Mi ò sùn, mò ń yí èsì yẹn sí ọ̀tún, mò ń yí i sí òsì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gun zémì, ọ̀kadà Kútọnu, lọ sí kọmisáríà tí wọ́n gbé Rodiat sí, òun níwájú, èmi lẹ́yìn lórí òmíràn. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì ò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i. Benjamin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé, ó sọ ọ́ pẹ́. Èmi tí Faransé mi ò ju kí n kí èèyàn kí n sì pe iye aṣọ lọ, mo jókòó, mò ń ṣọ́ ètè rẹ̀. Mo gbọ́ Nàìjíríà, mo gbọ́ orúkọ mi. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí ló pa á lẹ́rìn-ín? Ṣé kì í ṣe pé ọkùnrin yìí ń fi mí lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n lè ní àwa méjèèjì? Ó lè máa sọ pé èmi ni olórí wọn, ó lè máa sọ ohunkóhun, èmi á sì máa mi orí sí i bí àgùntàn.

Benjamin yíjú sí mi.

"Ìyá Ayọ̀bámi, wọ́n ní ta ló ni káàdì yìí. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́."

Káàdì náà wà lórí tábìlì, ojú mi ń wò mí láti inú ẹ̀. Bí mo bá ní èmi ni, ó lè jẹ́ pé mi ò ní wọ Missèbo mọ́, kí ìsọ̀ tí mo fi ń rán Ayọ̀bámi ọmọ mi nílé ìwé di ti ẹlòmíì. Bí mo bá ní mi ò mọ̀ ọ́n, Rodiat á máa jẹ́ Sìdíkàt títí dé ẹ̀wọ̀n. Mo wo ojú Benjamin, mò ń wá nǹkan kan níbẹ̀ tí mo lè dì mú, mi ò rí i. Ojú ọkùnrin tí kò sùn dáadáa ni mo rí.

"Èmi ni mo ni ín," ni mo wí. "Àbúrò mi ni. Èmi ni mo fún un, òun ò fẹ́ gbà á."

Wọ́n mú Rodiat wọlé. Ètè rẹ̀ ti bẹ́, eékún rẹ̀ méjèèjì ti bó. Ó ní wọ́n bi òun ní ọjọ́ ìbí tó wà lára káàdì, òun ò rántí, ni wọ́n bá ní kí òun kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ nínú oòrùn. Ọ̀gá náà wo ojú rẹ̀, ó wo ojú mi, ó wo káàdì tèmi àti káàdì Bẹ̀nẹ̀ tí Benjamin gbé sílẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Benjamin túmọ̀ rẹ̀: Rodiat lè máa lọ, bí ọmọ ìlú kan bá gbà láti ṣe onídùúró rẹ̀. Òun Benjamin ti gbà. Èmi ni kí n dúró.

Ọlọ́pàá kan ṣílẹ̀kùn. Benjamin na ọwọ́ sí Rodiat pé kó jẹ́ káwọn máa lọ kí wọ́n má baà yí ọkàn padà. Rodiat sún sẹ́yìn, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní òun ò lọ. Ọ̀gá gbójú sókè, ó ń wò wá, ó rọra ń gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní Rodiat, máa lọ, kíá. Ó mi orí. Ó wá fi Yorùbá sọ ọ́ ketekete, lójú Benjamin:

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ pé òun ló tà wá?"

Ojú gbà mí tì débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Benjamin gbọ́ ọ, Pobè kì í ṣe òkè òkun. Ó wo bàtà rẹ̀. Mo rò pé ó máa sọ fún wọn pé òun ò ṣe onídùúró rẹ̀ mọ́, kó bá tirẹ̀ lọ, ta ló lè bá a wí? Irọ́ ti dé ẹnu mi, irọ́ tó rọrùn, pé mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé e mì.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni mo wí. "Mi ò mọ nǹkan kan nígbà tí mo ń sọ ọ́, mi ò sì mọ nǹkan kan báyìí. Tẹ̀ lé e."

Rodiat ń sunkún. Gèlè rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Benjamin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú gèlè náà, ó nà án sí i. Rodiat ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Benjamin rọra gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó jáde ṣáájú láìwẹ̀yìn. Rodiat mú gèlè lórí bẹ́ǹṣì, ó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n àyè tó fi sáàárín wọn, zémì lè gbà á kọjá. Mò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, Rodiat dúró, ó ń rò ó, ó tún gbẹ́sẹ̀, títí ọlọ́pàá fi wá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.